Ojú Àpá Lára Ọkàn Mi

Àbúrò mi bíríkìlà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tí mo gbọ́ lánàá ṣì ń ṣe mí bí àlá. Ìyàwó mi wọ́ mi lọ sílé ìwòsàn nítorí pé mò ń mí gúlegúle. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ roboto tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n ní kí n sé èémí. Dókítà wá nawọ́ sí ibì kan tó dúdú nínú àwòrán náà: "Bàbá, ibí yìí ti kú lára ọkàn yín. Ó ti pẹ́."

Mo ní, "Irọ́ ni! Ṣé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kú ló ń bá yín jiyàn yìí?"

Ìyàwó mi ní, "Ẹnu yín ni kò kú."

Ìgbà náà ni mo rántí ọjọ́ tí àyà gbá mi mú lóko, tí òógùn tútù bò mí. O mọ òfin bàbá wa: ẹni bá bẹ̀rẹ̀ poro ebè kan kò gbọdọ̀ jókòó kó tó parí rẹ̀. Mo parí rẹ̀. Bàbá wa náà parí tirẹ̀ kó tó ṣubú kú, a sì ní àárẹ̀ ni.

Mo ti ń lo oògùn. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí wọ́n wo àyà tìrẹ náà. Bí ó bá dùn ọ́ lórí ògiri, sọ̀kalẹ̀, kódà bó ku búlọ́ọ̀kù kan. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Poro tí a kò parí kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, olórí kunkun.