Ọwọ́ Alọta Láàárọ̀ Kérésì

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń kí ara wọn kú ọdún lọ́dọ̀ yín lọ́run, àbí ojoojúmọ́ ni Kérésì níbẹ̀. Èmi rèé ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Àpòmù, lórí àpótí tí ẹ máa ń jókòó sí. Ọ̀sán Kérésì ni, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ fún yín kí n tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ ata yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ṣì máa ń wúkọ́ bí arúgbó kó tó dìde, ṣùgbọ́n tó bá ti dìde, kò sí ìjà mọ́. Ẹ mọ bí oṣù Dìsẹ́ńbà ṣe ń rí fún wa. Àwọn ará ilé tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ń wọlé, gbogbo ilé ń se ọbẹ̀, abọ́ ata á wá tò láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ìdí igi máńgòrò. Abọ́ ló ń tò, kì í ṣe èèyàn. Olówó abọ́ á ti lọ ra iṣu, ẹni tó bá sì fẹsẹ̀ ti abọ́ ẹlòmíì sẹ́yìn, ìjà dé nìyẹn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èèyàn ò ní ráyè rántí ẹni tí wọ́n ń ṣọdún rẹ̀.

Nínú gbogbo nǹkan tí ẹ ṣe láyé, ti àárọ̀ Kérésì ni mo fẹ́ràn jù. Tí Àlùfáà bá ti ka ìwé Lúùkù dé ibi tí Màríà ti bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń gbé ọmọ tó kéré jù nínú ìjọ láti ẹnu ọ̀nà wá síwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ á dìde, orin á sì gba ilé kan. Ẹ̀yin tí kì í sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ ju "ó kù díẹ̀" lọ, ẹ̀rín á gba gbogbo ojú yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀yin lẹ bí gbogbo àwọn ọmọ yẹn. Mo tiẹ̀ ń jowú wọn.

Nǹkan kan wà tí kò yé mi nígbà náà. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì, nígbà tí abọ́ bá pọ̀ jù, ni ẹ máa ń pa ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà á máa ráhùn, Màámi pàápàá á máa kùn. Ẹ ó jókòó sórí àpótí yìí, ẹ ó fi epo pupa ra ọwọ́, ẹ ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ẹ ó tún fi epo rà á. Mo rò pé ọwọ́ ló ń ro yín. Kí ló dé tí mi ò béèrè, Bàámi? Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò sọ fún mi?

Kérésì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ lọ, ìyẹn èṣí, Àlùfáà ní kí n dúró sí ipò yín, kí n gbé ọmọ. Inú mi dùn, àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Mo ní màá kọ́kọ́ lọ gbogbo ata tó wà nílẹ̀ tán. Agogo ìjọ ń dún, mo ṣì ń da rodo sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọṣọ, mo sáré lọ. Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Itọ́ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo bá fi àtàǹpàkò nù ún létè. Igbe tí ọmọ yẹn ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ètè rẹ̀ pọ́n, ó fọwọ́ ra á, ó tún fọwọ́ kan náà ra ojú. Ìyá rẹ̀ já a gbà, ó sáré jáde lọ wá omi. Orin dáwọ́ dúró.

Ara ọmọ náà balẹ̀ kí ìsìn tó parí, ìyá rẹ̀ sì ti dárí jì mí. Èmi ni mi ò lè dárí ji ara mi. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dúró sí, tí mò ń gbóòórùn ọwọ́ ara mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ epo pupa yín ti yé mi. Èmi tí wọ́n bí sídìí ẹ̀rọ ata, mi ò mọ̀ pé ọṣẹ nìkan ò lè mú ata kúrò lọ́wọ́ alọta, àfi epo.

Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ ò tún ní gba ọdún Jésù mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí oṣù yìí bẹ̀rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn pé a ó pa ẹ̀rọ ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì. Wọ́n kà á, wọn ò gbà á gbọ́. Ìyá Sèkìnà tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló bá mi kéde rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ wọ́n, ẹnu wọn kì í sinmi.

"Ẹ tètè gbé ata yín wá o," ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. "Ọmọ Bàbá Ẹlẹ́rọ ti yarí. Agídí ló jogún."

Bí agogo méjìlá ṣe lù lánàá, mo pa ẹ̀rọ. Abọ́ mẹ́ta ló kù. Àwọn tó ni abọ́ náà pòṣé, wọ́n gbé abọ́ wọn, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìkirè. Mo ti ń nu ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí Ìyá Dárà dé. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó tuntun ni, láti Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n ti gbé e wá, ọmọ rẹ̀ Dárà ò tíì ju oṣù méjì lọ. Òun ló kéré jù nínú ìjọ lọ́dún yìí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà, ó ń sùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ mi ti wọlé láti Ìkòyí."

"Mi ò lè lọ̀ ọ́."

"Kò pọ̀ rárá. Ẹ wò ó."

"Torí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ ni."

Kò yé e. Mo bá ro ti èṣí fún un, mi ò bo ọ̀kan nínú rẹ̀. Mo ní èmi ni màá gbé Dárà lọ́la, àti pé tí mo bá tún fọwọ́ kan ata nísinsìnyí, á kù sí mi lọ́wọ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó fún ọ̀já ọmọ rẹ̀ le, ó gbé abọ́ ata rẹ̀, ó lọ. Kò sọ pé òun á mú ọmọ wá. Ẹ̀rù bà mí, Bàámi. Ta ló máa gbé ọmọ fún ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́?

Mo ra ọwọ́ mi lépo, mo fọ̀ ọ́, mo tún rà á. Ìgbà náà ni Màámi pariwo láti ilé ìdáná. Ata tiwa wà nínú bẹ́sìnì, a ò lọ̀ ọ́. Ata gbogbo ìlú la lọ̀, a gbàgbé ti ilé alọta. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ọbẹ̀ tí Ìyá Sèkìnà bù fún wa la fi jẹ ìrẹsì ọdún.

Láàárọ̀ yìí, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì kí agogo tó dún. Mo jókòó, mo kọrin, mo tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Kò sí Ìyá Dárà. Àlùfáà ṣí ìwé Lúùkù, mo dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi ibùjẹ ẹran ni Ìyá Dárà àti ìyá ọkọ rẹ̀ wọlé.

Kò gbé ọmọ fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún mi, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi ìka mi kan ahọ́n ara rẹ̀. Ó dúró wò ó bóyá ata á ta á. Lẹ́yìn náà ló tú ọ̀já.

Ìjọ dìde. Mi ò sáré, Bàámi. Mò ń rìn díẹ̀díẹ̀, torí ayọ̀ náà pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó tán kíákíá. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, Dárà gbá àtàǹpàkò mi mú, ó sì fi í sẹ́nu. Mi ò yọ ọ́. Ó ń mu ún lọ, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ rekete, títí a fi dé iwájú pẹpẹ.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń lọ ata, tó sì yọ̀ lónìí.