Mi Ò Rí Ìran Kankan Rí

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń parọ́ nínú ìjọ wa, irọ́ náà sì ti fẹ́ pa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi báyìí... ẹ má tíì bú mi, ẹ kà á tán ná.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo tún kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí, mo gbàwé ẹ̀rí. Ìlú wa ò jìnnà sí Ìjerò. Màmá mi ni ìyá agbẹ̀bí nílé àdúrà wa, mo sì máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tí mo bá tibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tí mo bá ní kí wọ́n gbé aboyún kan lọ sí hospital, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín, pé ọmọ àná ni mí, ìwé ti dà mí lórí rú. Ó wá dọjọ́ kan, obìnrin kan wà níbẹ̀, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun báláú, kò lẹ́jẹ̀ lára rárá. Mo sọ títí, wọn ò gbọ́. Ni mo bá dijú níbi àdúrà, mo gbọ̀n jìnnìjìnnì, mo ní mo rí aṣọ pupa lára rẹ̀... Kíá ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó bí wẹ́rẹ́.

Bí mo ṣe daríran nìyẹn o. Gbogbo ohun tí mo bá fojú nọ́ọ̀sì rí, ìran ni mò ń pè é. Níbi iṣẹ́ gan-an, tí wọ́n bá yìn mí pé mo mọṣẹ́, màá ní rárá, Ọlọ́run ló fi hàn mí. Ó débi pé èmi fúnra mi ò gbà mọ́ pé mo mọ nǹkan kan.

Ìjẹta ni ìyàwó wa wọlé àdúrà. Sísì mi ló ń pè mí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ. Mo wọn BP rẹ̀, ó ti ga jù, mo tún un wọ̀n ní apá kejì. Gìrì aboyún ló ń bọ̀, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àbí kí ni mo wá ṣe? Mo tún dijú, mo ní mo rí i nínú odò, omi ń gbé e lọ. Wọ́n gbààwẹ̀ sí i. Láàárọ̀ yìí Màmá mi ní àwọn lálàá pé odò náà ti gbẹ, ewu ti kọjá, ẹnikẹ́ni ò ní gbé e kúrò ní “ulé àdúrà” mọ́. Mo ní Màmá, BP rẹ̀ ò tíì wálẹ̀ o. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé BP ni Ọlọ́run fi hàn mí ni? Bọ̀dá mi, ọkọ rẹ̀, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń ṣe àmín. Ta ló kọ́ wọn pé àfi tí mo bá dijú ni mo tó mọ nǹkan? Ṣebí èmi náà ni...

Tí mo bá tún rí ìran mìíràn, wọ́n á tún gbàdúrà sí i, ọjọ́ á sì máa lọ. Tí mo bá jẹ́wọ́, ojú á ti Màmá mi nínú ìjọ, wọ́n á ní onírọ́ ni mí, wọn ò sì ní gba ọ̀rọ̀ BP náà gbọ́.

Ìta ni mo jókòó sí tí mò ń tẹ èyí. Orin ọpẹ́ ni wọ́n ń kọ nínú ilé. Ìyàwó wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí látinú ilé ni, ó ní Sísì mi, ta ló ti fèrèsé, kí ló dé tíbí ṣókùnkùn báyìí... Ọ̀sán gangan ni o. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ṣé kí n wọlé báyìí, kí n lajú mi sílẹ̀, kí n sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mi ò rí ìran kankan rí láyé mi? Ṣé wọ́n á gbọ́? Kí ni kí n ṣe? Ẹ dákun, kẹ́nikẹ́ni má kọ ọ́ síbí pé òun á máa gbàdúrà fún mi. Ẹ sọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.