Ta Ni Yóò Ṣe Fírídọ̀mù Ìlù fún Ìwàlọlá?

Ìwàlọlá ọmọ mi,

Ta ni yóò ṣe fírídọ̀mù fún ọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ìgbà tí mo ti dé láti Douala, òun náà ló gbé mi dìde lórí ẹní tí mo fi tan àtùpà. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ bó ṣe yẹ. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara Àǹtí rẹ Adéjùmọ̀kẹ́ le, ṣé òjò ti jẹ́ kí ilẹ̀ New Bell gbẹ? Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbàgbé orúkọ rẹ, ẹsẹ̀ tí o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní rọ, igi tí o fi ń lùlù kò ní dá mọ́ ọ lọ́wọ́ lójú agbo.

Àwa náà wà níbí. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ikán ti dé ìdí àpótí ìwé mi, ó jẹ ìwé ìtàn ayé láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró níbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló bà á. Owó tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù dé, o ṣeun, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ti gbó, òmíràn tilẹ̀ ya. Wàsíù tó ń sanwó fún wa ní ìsọ̀ fóònù sọ pé ọ̀nà ló jìn, pé ìrìn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, àti pé díẹ̀ máa ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo gbà fún un, torí èmi náà gbó díẹ̀ nígbà tí mo rin ọ̀nà yẹn. Ohun tí kò yé mi ni pé fíràǹkì ló gbéra lọ́dọ̀ rẹ, náírà ló dé ọ̀dọ̀ mi. Níbo ló ti pààrọ̀ aṣọ? Wàsíù ní òun yóò bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá òun.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà ló gbà mí lóorun. Nígbà tí mo wá bẹ̀ yín wò, n kò tíì mu omi tán tí àǹtí rẹ fi fẹjọ́ rẹ sùn mí. Ó ní ìgbà tó kù díẹ̀ kí òun dá ọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán lo lọ bá àwọn ọmọ kan tó ń kọ orin mẹ́táàlì, orin tó dà bí ìgbà tí wọ́n ń da páànù sílẹ̀ láti orí ọkọ̀, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn yóò mú ọ lọ sí Yaoundé. Ó ní òun kò ní gbàdúrà fírídọ̀mù fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò sí ní ìsọ̀, òun kò sì ní lé e, ohun tí mo bá kọ wá nínú lẹ́tà ni òun yóò ṣe. Ìwọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

N kò bínú sí ọ. Agolo mílíìkì lo kọ́kọ́ lù, lẹ́yìn náà lo mú ìdérí ìkòkò ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Àǹtí rẹ ní nígbà tí o dé Douala, ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé ìlù fún ọ, o sì sáré orin ọrẹ débi pé àwọn èèyàn sáré ju owó sínú igbá. Pásítọ̀ yìn ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tí o sáré orin ìsìnkú, òun náà ló gba igi lọ́wọ́ rẹ. Aurélien, ọmọ tó ń ta gìtá láàárín àwọn onímẹ́táàlì náà, wà níbi ìsìnkú ọ̀hún, ó sì ní irú onílù tí àwọn ń wá nìyẹn.

Nítorí náà mo ṣe ohun tó yẹ kí baba ṣe. Mo ra obì, mo ra orógbó, mo gbé oyin tí mo mú láti ilé, mo gun ọ̀kadà yín tí ẹ ń pè ní bẹnsikín, mo lọ bá Aurélien pé kí ó gbà ọ́ lọ́mọ-iṣẹ́, kí a mọ iye ọdún tí o máa lò, kí n sì buwọ́ lùwé bí onídùúró. Àgbàlagbà ni mo rò pé n ó bá. Ọmọ tí irun bo lójú ni mo rí, tó ń jẹ búrẹ́dì. Manuella tó ń kọrin fún wọn ló ń fi Pidgin túmọ̀. Ó ní àwọn kò lọ́gàá, inú fóònù ni gbogbo àwọn ti kọ́ ọ. Mo ní kí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni inú fóònù náà. Wọ́n wo ara wọn, Aurélien mú obì kan jẹ, ó fajú ro, ó sì na fóònù sí mi.

Òyìnbó kan ni, wọ́n fín àwòrán sí apá rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sáàárín ìlù bí ìyá oníkòkò sáàárín ọjà rẹ̀. Mo kí i, kò dáhùn. Mo gbé obì sí i lójú, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ rò pé agbéraga ni, àfi ìgbà tó parí tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ ọ lọ tẹ àwòrán aago tó wà lójú fóònù. Manuella ní o ti tẹ̀ ẹ́ tipẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀ pé ó ti forúkọ rẹ sílẹ̀. Ìwà rẹ ló dùn mí. Mo fojú mi rí ọ tí o dùbúlẹ̀ tí o ń wo ọkùnrin yẹn, o tún ń jẹ ẹ̀pà. Ta ló ń dùbúlẹ̀ jẹ ẹ̀pà níwájú ọ̀gá? Máa kúnlẹ̀ kí o tó tan fóònù, bó bá sì parí, kí i pé ẹ kú iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé ilé oúnjẹ kan ní Bonapriso, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn, èjìká lu èjìká, èmi àgbà sì wọ àárín wọn láti là wọ́n. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n ń gbé mi fún ara wọn lókè orí títí mo fi dé iwájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí n kò rọ́nà tẹ́lẹ̀, ọmọ ilé-ire ni wọ́n. Mo lẹ owó mọ́ ọ níwájú orí, òógùn gbà á dúró. Nílé wa níbí, onílù tí a bá náwó fún yóò pe baba ẹni, yóò pe ìyá ẹni. Ìlù tìrẹ kò pe ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń dáhùn. Ta lò ń pè?

Ìgbà tí mo ń rò ó ni ojú mi lọ sílẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ rẹ. Irin méjì lo ń tẹ̀ nídìí ìlù, ẹsẹ̀ kan ń lé èkejì, kò sáré jù, kò sì sinmi. Mo ní mo mọ ẹsẹ̀ yìí níbì kan. N kò rántí ibẹ̀ títí mo fi jókòó sí ìsọ̀ yín ní ọjà Marché Congo, tí iná lọ, tí àǹtí rẹ fa ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ jáde. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Nígbà tó kàn ọ́, ó ń sọ fún ọ láìgbójú sókè pé kí o má sáré, òwú á já, kí o má fà á, aṣọ á kákò, ó sì fi igi ìwọnṣọ gbá ọ lórúnkún. O rẹ́rìn-ín, o ní ohun tí òyìnbó inú fóònù ń sọ náà nìyẹn, òun kàn kì í gbáni ni.

Mo lè ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nìyí: òyìnbó yẹn kọ́ ọwọ́ rẹ, àǹtí rẹ ló kọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ẹni tó sì kọ́ni lẹ́sẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé máa lọ. Ka èyí sí i létí. Adéjùmọ̀kẹ́ àbúrò mi, jẹ́ kí ó parí àkókò tó kù. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, gbé àlùmọ́gàjí sórí àwo, gbé igi ìlù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gbé ọwọ́ lé e lórí, kí o sì fi àdúrà kan dá a sílẹ̀ fún iṣẹ́ méjèèjì, kí ó máa lọ sí Yaoundé. Rántí pé èmi ni mo bẹ bàbá wa nígbà tí ìwọ fẹ́ lọ sí Douala, tí gbogbo ilé ní ibẹ̀ ni ayé parí sí.

Ìwàlọlá, fi owó oògùn ikán ránṣẹ́, kí ìyókù ìtàn ayé má bàa run, àti ti epo àtùpà. Wá owó tó lágbára, tó lè rìn. Bá mi gba àdírẹ́sì òyìnbó náà, mo ti ya ìgò oyin kan sọ́tọ̀ fún un. Bí kò bá fèsì, tún aago tẹ̀. Níbi tí o bá jókòó sí, àyè yóò gbà ọ́, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fẹ́ tún ọ gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, Akínlọ́lá.

Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. Ẹnìkan ń gún nǹkan nínú odó ní ilé Fátókun, ẹsẹ̀ mi ti ń bá a lọ lábẹ́ tábìlì kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ àtùpà pa.