Òfin Kánádà Dé Ìmùṣin

Bùsọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Toronto? Ṣé òtútù ò mú ọ jù? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Ìmùṣin níbí yóò máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ara wa le, gààrí ọdún yìí funfun, ó sì kan bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Moyinolúwa ọmọ rẹ tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ sọ. Bí a ṣe ń yan gààrí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọkàn òun kì í fà sí ọkùnrin, obìnrin ẹgbẹ́ òun ló ń fà sí. Ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ bá Wòlíì Theophilus, wọ́n ní kí n mú un wá sórí òkè àdúrà, àwọn á fi ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún yí ọkàn rẹ̀ padà. Mo di ẹrù rẹ̀. Ọmọ náà ò jẹun fún ọjọ́ méjì, ìwọ nìkan ló ń pè lórí fóònù.

Ìgbà náà ni òfin Kánádà tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp wọ inú fóònù mi. Mo gbé awò sójú, mo kà á pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yí ọmọ padà, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé e jáde ní Kánádà lọ ṣe é níbòmíì. Nígbà tí mo dá ọ lóhùn, àmì méjì abẹ́ èsì mi di búlúù, mo mọ̀ pé ojú ọlọ́pàá ló ń wò mí, mo yáa wọ bùbá mi dáadáa.

Mo gbé fóònù lọ bá Wòlíì, Moyin tẹ̀lé mi, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, òfin wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní òfin Kánádà ò dé Ìmùṣin. Mo ní fóònù tó gbé e wá, ṣebí Ìmùṣin ló wà. Àwọn tó kọ òfin náà kọ máínọ̀ sínú rẹ̀, mo rò pé àwọn awakùsà ni, mo wá bẹ Wòlíì pé Moyin ò wa kùsà rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà kà á mọ́ wọn. Moyin bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó ní ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ń pè ní máínọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo wò ó. Ọmọ mà ni.

A jọ padà sílé, mo tú ẹrù rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ abọ́ méjì. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi tán, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó jókòó kọ òfin yẹn. Wọn ò mọ̀ mí rí, wọ́n sì gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, kí òfin má baà jáde nínú fóònù bí dátà bá tán. Bí o ṣe tètè dá ọmọ rẹ lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò máa tètè dá ọ lóhùn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí o fẹ́ fà síwájú kí Moyin lè tètè padà, ó ní kí o fi í sílẹ̀. Ó ní òun ò tíì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Mọ́ṣádé