Pósí Tí Wọ́n Gbé fún Ìyá Mi

Abúlé Kamphambe,
Lẹ́bàá Nkhotakota.
Oṣù Kìíní, nígbà òjò.

Falesi, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàgbọ́ pé òtútù Zomba ò mú yín jù. Àwa náà ń mí níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mímí nìkan kọ́ là ń pè ní àlàáfíà. Má bínú pé mi ò tètè fèsì. O ní kí n sọ aṣọ tí o máa wọ̀ wá síbi àjọyọ̀ Limbani. Ọ̀rẹ́ mi, tú ẹrù rẹ. Kò sí àjọyọ̀ kankan. Limbani àbúrò mi ò wọlé ìbò káńsẹ́lọ̀. Wọ́n fìdí rẹ̀ janlẹ̀ ní abúlé tí wọ́n bí i sí!

O ò lè gbàgbé ọdún tí àrùn onígbáméjì jà níhìn-ín, torí o wá síbi ìsìnkú bàbá wa. O rí i pé ẹní la fi wé e, nítorí pósí ti tán lọ́wọ́ gbogbo káfíńtà. Ẹ̀gbẹ́ sàréè yẹn ni Limbani ti búra pé òun á di káńsẹ́lọ̀, omi ẹlẹ́gbin ò sì ní pa ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tó dépò, kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Páìpù ló fi fa omi láti orí òkè wá sójúlé wa. Bí òjò ńlá bá ti dá, òun fúnra rẹ̀ ló ń gun òkè lọ kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu páìpù. Láti ìgbà náà, onígbáméjì ò fẹsẹ̀ kan Kamphambe mọ́. Àwọn ọmọdé ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Ta ló wá bá a du ipò? Bambo Mandevu ni, bàbá onírùngbọ̀n tó ní ilé iṣẹ́ káfíńtà lẹ́yìn ọjà. Kò sí òkú tí ọkùnrin yẹn kì í bá wọn sin. Á gbé pósí wá, á fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn aṣọ̀fọ̀, á sì gbé àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀ kí wọ́n fi ro nsima fún èrò. Limbani ní tiẹ̀, á kí olóòkú, á sọ pé páìpù kan ń jò níbì kan, ó di gbéré. Nígbà ìpolongo ìbò, àwọn obìnrin wọ aṣọ ẹgbẹ́ Mandevu, wọ́n ń jó níwájú ilé wa, wọ́n ń kọrin pé, "Káńsẹ́lọ̀ olómi, ọjọ́ tí mo bá kú, ṣé omi lo máa fi wé mi?" Mo rẹ́rìn-ín o. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo sọ fún Limbani pé kó máa jókòó pẹ́ díẹ̀ nílé olóòkú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ tèmi ni kí òkú má sí. Ta ni wọ́n fẹ́ kí n sin?"

Háà, Falesi, nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, àwọn tó dìbò fún Limbani ò kún ilé ìdáná mi! Mo káwọ́ lérí. Mo lọ bá Mayi Dolofe, ìyá tó múlé tì wá, ẹni tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń fi omi Limbani wẹ̀ láràárọ̀. Mo ní, "Dolofe, kí ni Limbani fi ṣe yín?" Ó ní, "Kò fi nǹkan kan ṣe wá. Mandevu sin ọkọ mi, gbogbo ayé rí i. Limbani ńkọ́? Kí ló ṣe fún mi tí mo lè nawọ́ sí?" Mo ní, "Àwọn ọmọ rẹ ò kú!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ó yẹ kí wọ́n kú tẹ́lẹ̀ ni?" Ẹni tí kò kú ò mọ̀ pé ẹnì kan gba òun là.

Ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ń ṣa àgbàdo nígbà tí ọkọ̀ Mandevu wọlé wá, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbé pósí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo figbe ta. "Ta ló kú? Ẹ gbà mí o, ta ló kú?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mayi, kò sẹ́ni tó kú. Ìyá la gbé e wá fún. Bambo ní ká bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìbò wọn."

Ìyá wa! Ìyá tó bí Limbani! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Màmá jáde, wọ́n fọwọ́ pa pósí náà lára, ó ń dán gbinrin, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé e wọ yàrá. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ṣe yìí?" Wọ́n ní, "Enelesi, má pariwo mọ́ mi. Ọmọ mi fún mi lómi, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹní la fi wé bàbá yín, ojú sì tì mí láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi títí dòní. Omi kì í sin òkú." Falesi, òkú kan náà ni ìyá àti ọmọ jọ sin o. Ohun tí ọ̀kan rí kọ́ níbẹ̀ kọ́ lèkejì rí.

Ọjọ́ kejì ni Limbani wá kí wọn. Ó bá pósí nínú yàrá, Màmá ti da àgbàdo sínú rẹ̀ nítorí eku. Ó wò ó, ó wo Màmá. Mo rò pé ó máa bínú. Ó kàn ní, "Màmá, ṣé ó gùn tó?" Màmá ní, "Ó gùn tó, ọmọ mi. Wọ́n ti wọ̀n mí." Limbani jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé fún un. Mi ò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí bàbá wa kú.

Nígbà tó yá, àgbàrá ya wá láti orí òkè, ó já páìpù. Àwọn àgbààgbà lọ bá Mandevu. Ó ní, "Omi Limbani nìyẹn. Ṣé ìránṣẹ́ Limbani ni mí ni? Èmi á gbẹ́ kànga tèmi, orúkọ mi á sì wà lára rẹ̀." Limbani gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ lọ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mandevu dúró sójú ọ̀nà. Wọ́n ní, "Olófo, padà sílé. O fẹ́ lọ da májèlé sómi kó o lè ba orúkọ Bambo jẹ́." Èmi gan-an ló gbé ọ̀kan nínú wọn pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́! A ti padà sódò báyìí, a sì ń bá màlúù du omi. Kànga Mandevu ò tíì kúrò lórí ahọ́n rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe sí i. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ̀ wá bá mi yanu ni. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Omi tí ẹ bá mu á ṣe yín lóore, àwọn ọmọ rẹ á fọwọ́ ara wọn tọ́jú rẹ nígbà tí o wà láàyè, kó tó dọjọ́ àtisùn. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Enelesi.

Àfikún: Mo ti di lẹ́tà yìí, àmọ́ òjò ò jẹ́ kí mọ́tò tó máa gbé e lọ dé, ni mo bá tún un tú. Onígbáméjì ti padà dé. Ọmọ Dolofe ló kọ́kọ́ mú, Màmá ló tẹ̀ lé e. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ wọn sí ní ilé ìwòsàn, oògùn ti tán. Ohunkóhun tí o bá rí ní Zomba, jọ̀ọ́, fi rán awakọ̀ yìí. Mandevu ti ránṣẹ́ kí wa pé ọkọ̀ òun wà ní sẹpẹ́. Láàárọ̀ yìí, Màmá la ojú. Mo se omi odò títí ó fi hó, mo fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i, mo jẹ́ kó tutù, mo gbé e sí wọn lẹ́nu. Wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n ní, "Omi ibo nìyẹn?" Mo ní kí wọ́n ṣáà mu ún. Wọ́n ní, "Ṣé ti Limbani ni?" Limbani jókòó síbi orí wọn, ó ń wò mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ti Limbani ni." Wọ́n mu ún tán, wọ́n sì ní kí n bù sí i.