Bóòtì Méjì Tó Ṣẹ́ Lára Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi tó ń fi sípánà jẹun láàárín àwọn ọkùnrin,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń rí oorun sùn? Irin tí ò ń tú kò ní tú ọ ká, èyí tí o bá gbé sókè kò ní já lé ọ lẹ́sẹ̀, ọ̀gá tó gbà ọ́ síṣẹ́ kò ní kábàámọ̀ láé. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń sùn, orúnkún mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀ tí mi ò bá a sọ. Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ló pọ̀. Mo wo fóònù yẹn, mo wo bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, mo ní tí mo bá rọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀, ó lè bẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ ni. O mọ̀ pé ọjọ́ ti pẹ́ tí èéfín ti ń jò níbi irin tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń kó èéfín lọ sínú sàlẹ́ńsà, tí ẹ̀yin mẹkáníìkì ń pè ní mánífóòdù. Mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n nítorí pé kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán, ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, èyí tó ń dí àlàfo àárín irin méjì kí èéfín má baà jò, lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá ti pààrọ̀ ẹ̀, ọkọ̀ á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún tá-tá-tá bí ẹni ń gégi. Mo ní ká pè ọ́. Bàbá rẹ ní ọkọ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọ, pé ọmọ tí òun wẹ̀ fún kò lè wá kọ́ òun nípa rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí o ti ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lo fẹ́ kọ́, tí òun ní kí o lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì ò kọjá ṣé-dáadáa-ni, dáadáa-ni.

Ohun tó wá yí i lọ́kàn padà nìyí, má jẹ́ kí àyà rẹ já, gbogbo wa wà láàyè. A ń gbé bulọ́ọ̀kù lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní ọ̀sán gangan, èmi ni mo jókòó tì í. Èéfín yẹn ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wa wọlé, orí ń fọ́ mi, mo ṣe bí oòrùn ni. Ìgbà tí mo máa wo bàbá rẹ, ojú rẹ̀ ti ń pa dé, ọkọ̀ ti forí lé kòtò. Mo di etí rẹ̀ mú, mo fà á bí ẹni ń fa okùn kànga. Ó tẹ bíréèkì. A sọ̀ kalẹ̀, a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tó yá, ó ní kí n pe ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì. Kò dárúkọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n ló ń wí.

Mo pè ọ́, o ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù, kí n tún gbé e sún mọ́ ọn tó bá gbóná. Mo fi aṣọ wé fóònù kó má baà jóná. O gbọ́ ọ láti ìlú tó jìn tó bẹ́ẹ̀, o ní ó ń pariwo nígbà tó tutù, ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tó gbóná torí pé irin máa ń fẹ̀. Ìwọ tí mo máa ń pè láti ilé ìdáná nígbà tó o wà ní kékeré, tí o kì í gbọ́. Nígbà tí ohùn rẹ wá dé sínú fóònù, mo kí ọ, mo béèrè ṣé o ti jẹun, o ò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ bóòtì lò ń bá lọ. Inú bí mi. Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló ṣàlàyé fún mi pé ohùn tí o gbà sílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ni, pé o ti sọ̀rọ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti dárí jì ọ́.

Gbogbo ohun tí o wí la ṣe. O ní gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ṣẹ̀, ojú irin fúnra rẹ̀ ló ti wọ́. Bàbá rẹ tú u, ó fi rúlà gígùn lé e lójú, mo tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gba abẹ́ rúlà kọjá. Mo-Ti-Mọ̀-Ọ́n wò ó, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n. O ní ká wo àwọn bóòtì ìdí ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Méjì ti ṣẹ́ sínú ihò, gírísì ni wọ́n fi bò wọ́n. O ní ká wo irin tó ń gbé páìpù sàlẹ́ńsà dúró. Irin náà ò sí, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó rántí ìgbà tó jábọ́, gbogbo ìwúwo páìpù ló wá ń fa mánífóòdù lójoojúmọ́. A gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá irin, wọ́n fá a títí ojú rẹ̀ fi tẹ́ bíi ti gíláàsì. Wẹ́dà yọ àwọn bóòtì tó ṣẹ́, ó sì jó irin mìíràn mọ́ ọn tó máa gbé páìpù. Bóòtì tuntun la fi dè é, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí o ṣe wí, mò ń kà á látinú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí, bàbá rẹ ń dè é. Tí mo bá ní ó tó, á dúró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tá a ti fẹ́ra, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dúró nígbà tí mo ní kó dúró. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì tún tutù, a tún wọn dè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí, kò jò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Akọ̀wé fún wa ní fọ́ọ̀mù, wọ́n sì béèrè níbì kan níbẹ̀ pé ta ló tún ọkọ̀ ṣe. Bàbá rẹ ṣì ń wá awò ojú rẹ̀ nígbà tí mo gba bíírò. Mo kọ orúkọ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo kọ ọjọ́ tí mo bí ọ, mo kọ ọ́ pé oṣù mẹ́sàn-án lo fi rìn, àti pé wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí o ru àpótí irinṣẹ́ kúrò nílé. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, mo bá yí ìwé padà. Akọ̀wé ní orúkọ nìkan ni ìjọba ń fẹ́. Mo ní ìjọba ò tíì mọ̀ ọ́ ni. Bàbá rẹ ní kó bọwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀, pé kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ó dún jẹ́jẹ́, àwọn awakọ̀ tó tò sẹ́yìn wa yíjú, bàbá rẹ sì ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun obìnrin ló gbọ́ àìsàn rẹ̀ lórí fóònù.

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún táyà ẹ̀yìn kan àti oògùn orúnkún mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè mí, kí n lè bọ́ àpò lára fóònù kí owó ráàyè wọlé, torí èyí tó kọjá, báǹkì ní ó ti wọlé, mo gbọn fóònù títí, mi ò rí i.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa mọ ohun tí ojú ò rí. Àwọn tó fi ọ́ rẹ́rìn-ín á gbé ọkọ̀ tiwọn wá bá ọ, wàá sì bá wọn tún un ṣe.

Bàbá rẹ ti gba bíírò lọ́wọ́ mi. Ohun tó kọ nìyí:

Ọmọ mi, nǹkan kan tún ń dún díẹ̀ lápá ẹ̀yìn. Fóònù ò lè gbọ́ irú èyí. Á gba pé kí o wá fúnra rẹ.

Mo ti gba bíírò mi padà. Kò sí ohun tó ń dún. Mo ti lọ fetí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Wá.

Èmi ni ìyá rẹ.