Igbó Tí Mo Lọ Fà Lé Ọlọ́pàá Lọ́wọ́

Ọ̀fà,
Oṣù Kẹfà, 1966.

Dúrótìmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èbúté Mẹ́ta lọ́hùn-ún, ṣé iṣẹ́ rélùwéè ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ojú irin yóò máa ṣọ́ ìwọ náà, ọkọ̀ tí o ń tún ṣe kò ní gorí rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti dẹwọ́. Ìwé díẹ̀ tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo fi kọ lẹ́tà yìí fúnra mi, n kò bẹ Tíṣà Olúṣèyí bí mo ti máa ń ṣe, wàá sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Rẹ́díò Tíṣà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìjọba ti gbógun ti igbó, pé ẹnikẹ́ni tó bá ní i, tó bá gbìn ín, tó bá tà á, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ni. Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé a ní igbó, èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ́nà Òjòkú. Mo ní kí wọ́n tó wá mú mi, kí n yáa lọ jẹ́wọ́.

Mo wẹ̀, mo wọ agbádá tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Mo sọ fún wọn pé igbó wà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n ṣàánú mi. Kọ́púrà tó wà nídìí tábìlì fa fọ́ọ̀mù yọ, ó bi mí pé báwo ló ṣe pọ̀ tó. Mo ní láti etí odò títí dé ìdí ìrókò. Gègé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà wo, mo ní láti ayé bàbá bàbá mi. Ó ní ṣé mo ń tà á, mo ní ta ló ń ta ogún ilé, kìkì pé mo máa ń jẹ́ kí ìyàwó àlùfáà wa ṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ tó bá fẹ́ dáná. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Sájẹ́ńtì fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi, pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́rin àti àpò ìdọ̀họ mẹ́wàá. Àánú wọn ń ṣe mí, nítorí igbó kì í wọ àpò. Nígbà tí a débẹ̀, Sájẹ́ńtì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní igbó náà dà. Mo ní inú rẹ̀ lẹ dúró sí yẹn. Ó jókòó sórí kùkùté, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì da omi odò tó ti kún inú rẹ̀ nù.

Lẹ́yìn náà ló wá fi sùúrù là á yé mi pé ewé kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ ń fà á bíi sìgá, orí wọn a sì dàrú. Ó yọ ẹyọ kan nínú àpòòwé kí n lè dá a mọ̀. Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó là bí ìka ọwọ́, etí rẹ̀ dà bí eyín ayùn. Ó bi mí bóyá mo ti rí irú rẹ̀ rí, mo ní rárá. Dúrótìmí, láti ọjọ́ tí mo ti ṣèrìbọmi, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nìyẹn.

Ewé ikọ́ tí o gbìn fún ìyá rẹ sẹ́yìn ilé àdìẹ nígbà Àjíǹde ni. Mo délé, mo fà á tu tegbò-tegbò, mo dáná sun ún. Afẹ́fẹ́ gbé èéfín rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ ní ìdí ààrò, ó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín sí àdìẹ, ó sì jẹ iṣu tó yẹ ká jẹ lọ́la.

Ó ti pé ogójì ọdún tí mo ti ń ṣán igbó, òjò àkọ́rọ̀ kan ló máa ń dá a padà. Àwa ọmọ Ọ̀fà tí ìjàkadì jẹ́ orò wa, a mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀, a kò tíì dá a. N kò mọ bí ìjọba yóò ṣe dá èyí káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé àdìẹ tèmi kò tóbi.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àdá tuntun, kí n sì wá bàtà fún Sájẹ́ńtì, èmi ni mo ba tirẹ̀ jẹ́. Bí owó kò bá sí, ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá. Ewé méjì ti tún hù níbẹ̀ lánàá, n kò fà á, ọwọ́ rẹ ni mo fi í dè. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí orí rẹ dàrú, kí ọjọ́ alẹ́ wa má ṣe di ẹkún. Tètè wọ rélùwéè máa bọ̀. Bí Sájẹ́ńtì bá ṣáájú rẹ dé, èmi ni mo gbìn ín.

Bàbá rẹ ní tòótọ́,
Jacob Ògúnyọmí.